Ìṣó Tó Wà ní Gìgísẹ̀ Ìfẹ́dayọ̀

Ẹ má bá mi jiyàn o. Ọmọbìnrin kan wà ní Ìlúpéjú-Èkìtì, bí ó bá ti ń sáré, òjìji rẹ̀ á máa pariwo lẹ́yìn pé, "Ìfẹ́dayọ̀, jọ̀ọ́, dúró dè mí!" Ojú mi méjèèjì ló ṣe. Mo wà lórí ọ̀kadà mi láàárín Ọ̀yẹ́ sí Ìlúpéjú lọ́jọ́ kan, mo fún un níná títí èéfín rẹ̀ fi ṣú bo Ìkọ̀lé mọ́lẹ̀, ọmọ yìí sì kọjá mi lórí òkè, ó yíjú padà, ó bi mí bóyá epo ló tán.

Délé lorúkọ mi. Àwọn ará Ọ̀yẹ́ ń pè mí ní Délé Àbùmọ́, nítorí wọ́n ní kò sí ọ̀rọ̀ tó lè gba ẹnu mi kọjá kó má sanra. Mo ka ìwé mẹ́fà tán, mo dé ilé ìwé girama, mo wà níbẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ mi títí di ọjọ́ tí mo fi gọ́ọ̀mù ṣúmékà kun àga ọ̀gá wa, tó dìde tí àga náà dìde tẹ̀lé e. Ibẹ̀ ni ìwé mi parí sí. Ṣùgbọ́n ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí, bí ẹ bá ti yọ òjìji tó ń sọ̀rọ̀ kúrò nínú rẹ̀, òótọ́ ni èyí tó kù. Ó wù mí kó jẹ́ irọ́.

Ẹni tó ni gọ́ọ̀mù yẹn ni ọ̀rẹ́ mi, Oyèbánjí, ṣúmékà tó ní ìsọ̀ pákó ní oríta Ọ̀yẹ́. Bánjí kì í sọ̀rọ̀. Tó bá ti kí ọ láàárọ̀, ó ti ná ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà tán nìyẹn. Èmi ni mo máa ń jókòó tì í nígbà tí èrò bá fà sẹ́yìn, tí mo máa ń bá a sọ tirẹ̀ mọ́ tèmi.

Nígbà ọyẹ́, ní ọdún kejì tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀, mo ń bọ̀ láti Ìlúpéjú, mo rí Ìfẹ́dayọ̀ tó jókòó sórí afárá kékeré tó wà lójú ọ̀nà, ó di orúnkún ọ̀tún mú. Ó ti jáde ilé ìwé girama nígbà náà. Wọ́n fẹ́ yan àwọn tí yóò sáré fún ìpínlẹ̀ wa ní Adó ní ọdún tó ń bọ̀, kò sì sí ohun mìíràn tó ń rò láyé.

"Bọ̀dá Délé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé mi dé Ọ̀yẹ́. Mo fẹ́ ra ìpara."

Mo wo orúnkún náà. "Ìpara kẹ̀? Èyí kì í ṣe orúnkún mọ́. Iṣu Ẹ̀dá-Oníyọ̀ ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ nígbà tó o sùn."

"Ẹ máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Tí mo bá sáré díẹ̀, bí ẹni ń fi ọ̀bẹ họ inú rẹ̀ ni."

Kánfáàsì rẹ̀ ti la ẹnu bí ẹja lókè odò, ni mo bá kọ́kọ́ gbé e dé ìsọ̀ Bánjí kó bá a rán an. Bánjí gba bàtà náà, kò wo ojú rẹ̀, abẹ́ bàtà ló ń wò. Ó yí i síbí, ó yí i sọ́hùn-ún.

"Apá inú ló ń jẹ," ó ní.

"Kí ló ń jẹ ẹ́? Eku?" mo ní.

Ó bu omi sínú abọ́, ó tẹ́ bébà àpò sìmẹ́ńtì sílẹ̀. "Ki ẹsẹ̀ bọ omi, kó o wá tẹ bébà yìí. Ọ̀gá mi ní Ìkọ̀lé ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀."

Ìfẹ́dayọ̀ tẹ̀ ẹ́. Nígbà tó gbé ẹsẹ̀ kúrò, odindi àtẹ̀lẹsẹ̀ ló wà níbẹ̀, ibi tó tín-ín-rín kò sí láàárín, ó kún délẹ̀ bí búrẹ́dì tó wú nínú agolo.

"Ẹsẹ̀ ẹlòmíràn, àárín rẹ̀ kì í kan bébà," ni Bánjí wí. "Tìrẹ kàn án látòkè délẹ̀. Tó o bá ń sáré, ó ń wó sínú, orúnkún sì ń tẹ̀lé e."

"Kí wá ni ká ṣe?"

"Màá tẹ́ nǹkan sínú bàtà láti fi gbé e sókè. Mi ò tíì mọ irú èyí tó máa bá ọ mu." Ó wá gbójú sókè, ó wo ojú rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. "A ó máa yàn án títí."

Mo ti gbọ́ tí àwọn ọkùnrin ń kọnu ìfẹ́ sí obìnrin. Mo ti gbọ́ ti ẹni tó ní òun á gbé òṣùpá wá sínú apẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò rí ìkankan tó wọ obìnrin lára bí "a ó máa yàn án títí" yẹn. Orúnkún ń dun ọmọ, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

Bánjí fi pẹ́ńsù yí ojú omi náà ká kó tó gbẹ. Ìṣó kan wà lára ògiri pákó tó ti wà níbẹ̀ látọjọ́ tó ti kọ́ ìsọ̀. Ó gbé bébà náà kọ́ sórí rẹ̀ kó lè máa gbẹ, ìṣó sì gba ibi gìgísẹ̀ kọjá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé ìṣó yẹn.

Báyìí ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yàn. Bánjí kọ́kọ́ gé fóòmù. Fóòmù ibùsùn tirẹ̀ ni o. Láti ọjọ́ náà ni ejìká rẹ̀ ọ̀tún ti ń sun orí pákó. Ìfẹ́dayọ̀ sáré wọ̀ ọ́ dé Ọ̀yẹ́, ó ní bí ẹni ń sáré lórí ẹ̀kọ ni, ẹsẹ̀ ń rì, orúnkún kò sì gbọ́. Bánjí gé táyà ọkọ̀. Èyí le. Ọmọ náà wọlé pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó ti bó.

"Bọ̀dá Bánjí, ṣé ẹ fẹ́ kí n sáré ni, àbí ẹ fẹ́ kí n máa kó èrò lọ sí Ìfàkì?"

Bánjí rẹ́rìn-ín. Mo búra fún yín, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ pe àwọn ará ọjà wá wò ó.

Ọjọ́ Sunday tó tẹ̀ lé e, Bánjí dé ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà pẹ̀lú bàtà tó ti ń já, torí ó ti gé sílípáàsì rọ́bà rẹ̀ tó dára jù. Rọ́bà yẹn kò le bí táyà, kò sì rì bí fóòmù. Ó gbẹ́ ẹ kó ga díẹ̀ lápá inú, ó fi awọ ewúrẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó lórí. Ìfẹ́dayọ̀ sáré láti Ìlúpéjú dé Ọ̀yẹ́, kò jókòó lórí afárá. Ó wọ inú ìsọ̀, ó kàn dúró síbẹ̀, ó ń mí, ó ń rẹ́rìn-ín. Bánjí náà ń wo ojú rẹ̀, kì í ṣe bàtà. Èmi tí mo jókòó síbẹ̀, mo wá di àga.

Kò sí ẹ̀rọ alágbèéká lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ní ìhà tiwa nígbà náà. Èmi ni ẹ̀rọ wọn. Bánjí á ní, "Sọ fún un pé mo kí i." Èmi á gun ọ̀kadà dé Ìlúpéjú, màá dúró lẹ́yìn ògiri ilé wọn.

"Oyèbánjí ní bí òun ò bá rí ọ lónìí, òun á gbé abẹ́rẹ́ ìránbàtà mì, òun á sì fi gọ́ọ̀mù sìn ín."

"Ó sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ó ń sunkún bó ṣe ń sọ ọ́. Gbogbo bàtà inú ìsọ̀ ń léfòó."

"Bọ̀dá Délé, ẹ dákun. Kí ló sọ gan-an?"

"Ó ní òun kí ọ."

Á mí kanlẹ̀, á fọwọ́ kan ògiri bí ẹni pé ara rẹ̀ gbóná. "Ìyẹn gan-an ni mo fẹ́ gbọ́."

Bàbá rẹ̀ ni Alàgbà Ìbíkúnlé. Bí Alàgbà bá gbàdúrà òwúrọ̀ ní Ìlúpéjú, àwọn ewúrẹ́ Ìtàpá ló ń ṣe Àmín. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó fẹ́ràn ọmọ rẹ̀ ju ojú ara rẹ̀ lọ, ìyẹn gan-an ló sì mú ọ̀rọ̀ náà le. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Ìfàkì ní ọmọ tó ń jẹ́ Isaac Adéyẹmí, tó ń ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ tó ń ta oògùn ní Ìbàdàn. Àwọn bàbá méjèèjì ti sọ ọ́ láàárín ara wọn pé Isaac ni yóò fẹ́ Ìfẹ́dayọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí orúnkún bẹ̀rẹ̀ sí í fúyẹ́, Ìfẹ́dayọ̀ kúnlẹ̀, ó ní ṣúmékà kan ní Ọ̀yẹ́ ló ran òun lọ́wọ́, òun sì fẹ́ kí bàbá rí i.

Alàgbà rò ó fún ìgbà pípẹ́. Ó wá ní, "Ẹni tó ṣe ọmọ mi lóore, n ó fojú rí i."

Ìròyìn yẹn ni mo kọ́kọ́ jẹ́ láìbù mọ́ ọn. Kò nílò rẹ̀.

Lọ́jọ́ náà, Bánjí gbá ìsọ̀ títí ilẹ̀ fi ń bẹ̀bẹ̀. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun. Ó ra mínírà tútù, ó gbé e sórí àga. Mo gbé Alàgbà dé pẹ̀lú ọ̀kadà mi, mo rọra gùn ún bí ẹni gbé ẹyin. Bánjí dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Dìde, ọmọ mi. Ọmọ ta ni ọ́?"

"Ọmọ ará Ọ̀yẹ́ níbí ni, sà. Bàbá mi ti kú. Àbúrò wọn ló tọ́ mi."

"Ṣọ́ọ̀ṣì wo lò ń lọ?"

"Áńgílíkà ni, sà."

Alàgbà mi orí. "Kò burú jù." Ó jókòó, ó gba mínírà. Mo rí i pé ojú rẹ̀ ti rọ̀. Mo ti ń gbọ́ orin ìyàwó nínú etí mi. Ó gbé ìgò sẹ́nu, orí rẹ̀ yí sókè, ojú rẹ̀ bá ògiri pàdé.

"Ẹsẹ̀ ta nìyẹn?"

Inú Bánjí dùn. Ó rò pé àyè àtiṣàlàyé iṣẹ́ òun ló dé. "Ti Ìfẹ́dayọ̀ ni, sà."

Alàgbà gbé ìgò sílẹ̀. Ó dìde, ó sún mọ́ ọn. Ó fi ìka tọ́ ibi gìgísẹ̀ bí ẹni ń tọ́ egbò.

"O gba ojú ẹsẹ̀ ọmọ mi."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà, láti lè mọ..."

"O kàn án mọ́ ògiri."

"Sà?"

"O kan ìṣó mọ́ gìgísẹ̀ ọmọ mi!"

Mo rẹ́rìn-ín, torí mo rò pé àwàdà ni. "Bàbá, bébà sìmẹ́ńtì ni, ẹ̀yin náà ẹ wò ó."

"Délé, pa ẹnu rẹ mọ́. Láyé àtijọ́, erùpẹ̀ ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n ń bù tí wọ́n bá fẹ́ mú èèyàn. Ẹ̀yin tí ọ̀làjú dé bá, bébà lẹ̀ ń lò." Ó yíjú sí Bánjí. "Ìgbà wo ni orúnkún bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún?"

"Kó tó wá síbí ni, sà."

"Ta ló sọ fún ọ? Báwo lo ṣe mọ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀?"

"Òun ló... sà, ṣé ara rẹ̀ ò ti ń yá ni?"

"Ó ń yá! Ẹni tó so ó ló ń tú u díẹ̀díẹ̀, kí ọmọ mi lè máa wá bá a."

Bánjí la ẹnu. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí kì í sọ látọjọ́ tí wọ́n ti bí i, ọjọ́ yẹn ló yẹ kó ti wà nílé, wọn kò sì sí. Alàgbà fa bébà náà já, gìgísẹ̀ ya kù sára ìṣó. Ó ká a, ó kì í bọ abẹ́ apá, ó sì fi ẹsẹ̀ rìn padà sí Ìlúpéjú nínú oòrùn, torí kò fẹ́ gun ọ̀kadà mi mọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wọn pé sẹ́yìn ilé, wọ́n dá iná. Mo dúró lẹ́yìn ògiri, ibi tí mo ti máa ń jẹ́ iṣẹ́ Bánjí. Wọ́n fi bébà náà síná. Alàgbà wá ní, "Ohun tó tẹ́ sínú bàtà rẹ dà? Mú un wá." Ìfẹ́dayọ̀ wọlé, ó pẹ́, ó jáde pẹ̀lú nǹkan tó fi láílọ́ọ̀nù wé, ó jù ú síná. Èéfín dúdú rọ́bà ru bo gbogbo wọn. Ìyá rẹ̀ nìkan ló ń sunkún. Ọmọ náà kò sunkún. Ó dúró bí ẹni tí wọ́n kàn mọ́lẹ̀.

Ọjọ́ ìdíje ní Adó kò pẹ́ dé. Isaac ti fi àtẹ́sínú bàtà òyìnbó ránṣẹ́ láti Ìbàdàn, ó dúdú díẹ̀ bí aró, ó ń mì lọ́wọ́ bí ẹ̀kọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dì. Alàgbà fúnra rẹ̀ ló tẹ́ ẹ sínú bàtà. Ó gbàdúrà lé e, ó wá da òróró àdúrà sínú bàtà méjèèjì kí ohunkóhun má baà tẹ̀ lé ọmọ rẹ̀ dé orí pápá. Ọkàn bàbá ni. Mi ò lè bínú sí òróró yẹn, bí mo ti gbìyànjú tó.

Èmi àti Bánjí fara pamọ́ sẹ́yìn èrò. Nígbà tí wọ́n fọn fèrè, Ìfẹ́dayọ̀ fò jáde. Ẹ̀yin èèyàn mi, eruku kò mọ ẹni tí òun ì bá tẹ̀ lé. Ó fi gbogbo wọn sílẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fò sókè, mo gbá bàbá kan tí mi ò mọ̀ rí mọ́ra. Mo yíjú sí Bánjí, ẹsẹ̀ ọmọ náà nìkan ló ń wò.

"Ẹsẹ̀ ń yọ̀ nínú bàtà," ó ní.

"Ó ń borí, ìwọ ń wo bàtà!"

"Délé, ẹsẹ̀ ń yọ̀."

Ibi tí pápá ti ṣẹ́ kọ́nà ló ti ṣẹlẹ̀. Bàtà lọ síbì kan, ẹsẹ̀ lọ síbòmíràn, orúnkún wà láàárín. A gbọ́ igbe rẹ̀ níbi tí a wà. Bánjí fò kọjá okùn, ó sáré dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó dé, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó na ọwọ́.

"Má fọwọ́ kàn án!" Alàgbà ló ń bọ̀ pẹ̀lú Bíbélì lókè. "Má fọwọ́ kàn án mọ́ láyé yìí!"

Bánjí fa ọwọ́ sẹ́yìn. Ìfẹ́dayọ̀ wà nílẹ̀, ó ń wò ó. Ọwọ́ ọkùnrin náà rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bí aṣọ tútù, ó sì dúró bẹ́ẹ̀ títí wọ́n fi gbé ọmọ kọjá níwájú rẹ̀.

Dókítà ní iṣan inú orúnkún ti já, kó máa dúpẹ́ tó bá rìn. Alàgbà kò bá dókítà jiyàn. Ó kàn sọ fún gbogbo ẹni tó wá kí wọn pé, "Ìṣó yẹn ti ṣiṣẹ́ ká tó tú u."

Síbẹ̀, Bánjí rán àbúrò bàbá rẹ̀ àti èmi lọ tọrọ ọmọ. Wọn kò jẹ́ ká wọlé. Alàgbà gbé àga síta fún wa, òun dúró ní ẹnu ọ̀nà.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà," ni àbúrò bàbá Bánjí wí, "òdòdó kan la rí lágbàlá yín..."

"Orúnkún rẹ̀ lẹ kọ́kọ́ mú. Ẹ sọ fún ọmọ yín kó fi orúnkún yẹn ṣe aya."

Nígbà tí à ń lọ, ìyá rẹ̀ tẹ̀ lé wa dé ojú títì, ó di apá mi mú. "Délé, bóo ni mo fẹ́ ṣe é? Ulé kan náà lèmi àti bàbá rẹ̀ ń gbé."

Nígbà tí òjò ń parí lọ, Ìfẹ́dayọ̀ ránṣẹ́ sí mi. Mo gbé e dé orí afárá kékeré yẹn, Bánjí sì ti ń dúró. Mo kọ́kọ́ fẹ́ dá wọn lẹ́rìn-ín, mo wo ojú wọn, mo gbé ọ̀kadà sẹ́yìn díẹ̀. Ṣùgbọ́n etí mi gùn.

"Jẹ́ ká lọ sí Ìkọ̀lé," Bánjí ní. "Ọ̀gá mi á fún mi ní àyè nínú ìsọ̀ rẹ̀. A ó gba yàrá kan."

"Ká wá bí ọmọ, kí ibà mú ọmọ, kí bàbá mi ní ìwọ ni. Bí mo bá tiro, ìwọ ni. Bí ó bá tiẹ̀ san, ìwọ náà ni."

"Jẹ́ kí wọ́n máa sọ ọ́."

Ìfẹ́dayọ̀ yíjú kúrò. Ó ń wo ojú omi. Ó wá sọ ọ́, ohùn rẹ̀ kéré tó jẹ́ pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ má gbọ́. "Oyèbánjí, má bínú o. Kí ló dé tó fi jẹ́ gìgísẹ̀? Bébà náà ní etí mẹ́rin. Kí ló dé tí o kò fi ìṣó gba etí bébà?"

Ẹ bá mi wò ó. Ọmọ tó mọ̀ ọ́n, tó fẹ́ràn rẹ̀. Wọ́n ti sọ ọ́ sí i létí láàárọ̀, wọ́n sọ ọ́ lálẹ́, wọ́n sọ ọ́ nínú àdúrà, ó wá dúró sínú rẹ̀ bí òkúta kékeré nínú bàtà.

"Ibẹ̀ ló bọ́ sí," ni Bánjí wí. "Ìṣó ti wà lára ògiri. Mo kàn gbé e kọ́."

"Mo mọ̀."

"Ṣé o mọ̀?"

"Mo mọ̀," ó tún wí, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ kó tó wí i. Àwọn méjèèjì sì gbọ́ bó ṣe pẹ́ tó.

Èmi ni mo gbé e padà sílé. Bánjí kò juwọ́.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n ṣe ìgbéyàwó Ìfẹ́dayọ̀ pẹ̀lú Isaac. Ìyá rẹ̀ ní dandan, èmi ni n ó gbé ẹrù ìyàwó tẹ̀ lé wọn dé Ìfàkì. Isaac kò ní àbùkù kan tí mo lè sọ fún yín, mo sì wá a kiri ara rẹ̀ dáadáa. Ó ga, ó mọ́, ó di apá ìyàwó mú nígbà tó ń gun àtẹ̀gùn, ó ní kó rọra.

Wọ́n dé ẹnu ọ̀nà. Àǹtí Isaac àgbà ti gbé omi tútù dúró láti wẹ ẹsẹ̀ ìyàwó kó tó wọlé.

"Bọ́ bàtà rẹ, ìyàwó wa. Ní ulé tiwa, ìyàwó kì í wọ bàtà tó gbé wá kọjá ẹnu ọ̀nà. Sílípáàsì tuntun rẹ nìyí."

Ìfẹ́dayọ̀ dúró. Mo rí i pé kò fẹ́ bọ́ ọ. Àǹtí rò pé ojú ló ń tì í, àwọn obìnrin ìdílé ọkọ sì ń pariwo, ń ṣẹ̀fẹ̀ pé kó máa bọ̀, àwọn ti rí ẹsẹ̀ rí. Ó bọ́ ọ. Bàtà funfun ìgbéyàwó ni, pẹlẹbẹ, torí kò lè wọ onígìgísẹ̀ gíga mọ́. Mo wo inú rẹ̀. Awọ ewúrẹ́ wà níbẹ̀, ó ti dúdú, ó ti dán, gbogbo ọmọ ìka rẹ̀ ti tẹ̀ sí i lójú. Lábẹ́ awọ, rọ́bà sílípáàsì tí Bánjí ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà nígbà kan.

Ohun mìíràn ló fi láílọ́ọ̀nù wé, tó jù síná lọ́jọ́ yẹn.

Wọ́n wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ tútù lé orí sìmẹ́ńtì ẹnu ọ̀nà, ojú ẹsẹ̀ náà sì hàn sílẹ̀ ní kíkún, látòkè délẹ̀, kò sí àlàfo láàárín. Ó wò ó. Ó gbójú sókè, ó rí mi. Wọ́n ti fún un ní sílípáàsì, ó ti wọlé, orin ti bò ó. Oòrùn Ìfàkì kò jẹ́ kí ojú ẹsẹ̀ yẹn pẹ́ nílẹ̀.

Ìyá Ìfẹ́dayọ̀, tó bá wa dé Ìfàkì, gbé bàtà náà, ó wo inú rẹ̀, ó wò mí. Ó fi ìborùn rẹ̀ wé e.

"Mú un lọ fún ẹni tó ni uṣẹ́ yìí," ó ní. "Má jẹ́ kí bàbá rẹ̀ rí i."

Nígbà tí mo dé oríta Ọ̀yẹ́, Bánjí wà ní ìsọ̀, kò ṣiṣẹ́. Mo ti to ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Mo fẹ́ sọ fún un pé Isaac kúrú bí ọmọ odó, pé òjò ba oúnjẹ wọn jẹ́, pé ìyàwó fi orúkọ Oyèbánjí dáhùn nígbà tí pásítọ̀ pè é. Mo gbé ìborùn lé e lọ́wọ́, gbogbo rẹ̀ gbẹ mọ́ mi lẹ́nu.

Ó yọ àtẹ́sínú méjèèjì kúrò nínú bàtà, ó tò wọ́n sórí itan. Ó fi àtàǹpàkò tẹ ọ̀tún, ó tẹ òsì. Ó tún tẹ òsì. Ó gbé wọn sí ìmọ́lẹ̀.

"Délé, wá wò ó."

"Kí ni?"

"Òsì ló jẹ jù. Wò ó, ó ti jẹ dé ìdí níbí. Orúnkún ọ̀tún ló ń dùn ún, ni mo ṣe ń gbé ọ̀tún ga. Òsì ló yẹ kí n gbé ga." Ó ń fi ìka wọ́ ojú ibẹ̀ lọ, ó ń wọ́ ọ bọ̀. "Ìsinsìnyí ni mo wá mọ bó ṣe yẹ kí n gé e."

Mo wo ògiri. Ìṣó ṣì wà níbẹ̀, ègé bébà kékeré ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

"Ṣé ó tiro nígbà tó ń wọlé?"

Èmi Délé Àbùmọ́. Èmi tí mo lè sọ fún un pé ó fò wọlé, pé òrùlé ilé Adéyẹmí ṣí lọ nígbà tó fò. Mo rántí ọmọ yẹn lẹ́yìn ògiri ní Ìlúpéjú, tó ní, kí ló sọ gan-an.

"Ó tiro," mo ní.

Ó mi orí. Ó fa àpótí sún mọ́ra, ó mú ọ̀bẹ, ó wá rọ́bà tuntun kan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ti ẹsẹ̀ òsì.